Obì Inú Àwo Bàbá

Ọjọ́ tí Khairiyyah kọ́kọ́ rí Mọ̀núrù, ọsàn ló bá lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ta ọsàn. Tíṣà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọjà ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ Sátidé ní kíláàsì kan lẹ́yìn Ìdúmàgbò, lọ́dún 1991, kí wọ́n lè jókòó ṣe ìdánwò GCE.

"Memunat, fún Bashiru ní ọsàn yìí, kí o sì sọ ohun tí o ṣe," ló sọ fún ọ̀kan nínú wọn.

Memunat na ọsàn sí Bashiru. "I give Bashiru an orange."

"Ó dáa. Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n lọ́wọ́ méjì. Wọ́n á fi ọ̀kan di ẹni tí à ń fún mú, wọ́n á fi èkejì di ohun tí à ń fún un mú. Give rèé. Send náà ńkọ́? Show, sell, buy. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń ṣe wọ́n lọ́jà. Ẹ kàn máa sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe."

Khairiyyah ti bá àwọn tíṣà mìíràn jókòó rí, àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì na èèyàn bí ẹgba. Mọ̀núrù kì í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Bí èèyàn bá ṣì í, á ní kó gba ọsàn náà padà, kó tún fi fún ẹni náà, títí ẹnu á fi bá ọwọ́ mu. Sùúrù yìí ló wọ Khairiyyah lọ́kàn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ.

Nílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bó ṣe ń to fìlà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, á máa kà á sókè: "I sell Alhaja a cap. I show Alhaja the red one." Alhaji Jíbrílù, bàbá rẹ̀, á máa wò ó láìsọ̀rọ̀. Àwo obì tó ń gbé síwájú fún àlejò kì í gbófo, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ jù.

Ní Sátidé kan, Tíṣà ní kí kálukú mú ohun kan wá láti ilé. Obì gbànja kan ni Khairiyyah mú nínú àwo bàbá rẹ̀. Nígbà tó kàn án, kò wo ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan. Iwájú bọ́ọ̀dù ló lọ.

"I give Teacher a kola nut."

Mọ̀núrù gba obì náà, ó là á sí méjì, ó ju ìdajì sẹ́nu, ó na ìdajì tó kù sí i. Khairiyyah gbà á, ó jẹ ẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Mọ̀núrù rọra bi í pé, "Khairiyyah, ṣé iṣẹ́ kíláàsì nìkan lobì yẹn?"

"Kì í ṣe iṣẹ́ kíláàsì nìkan, sà."

"Olólùfẹ́ mi, ẹnu tí màá fi sọ ọ́ ni mò ń wá. Ìwọ lo ṣáájú mi."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ délé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àǹtí Ganiat, ẹ̀gbọ́n Alhaji, já wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Jíbrílù, wọ́n ní tíṣà kan fún ọmọ rẹ ní obì lójú gbogbo ayé, ó sì gbà á jẹ. Ṣé ọmọ tí kò ní baba ni? Ilé baba ọmọ kọ́ ni wọ́n ń gbé obì wá mọ́?"

Ojú Alhaji le. "Kò ní débẹ̀ mọ́. Màá sì bá ẹni tó fún tíṣà náà ní kíláàsì sọ̀rọ̀, kó lé e jáde. Ọkùnrin tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kì í ṣe ẹni tó ń kọ́ ọmọ ẹni."

Khairiyyah wà nídìí fìlà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bó bá dákẹ́, Mọ̀núrù á pàdánù iṣẹ́, òun náà á sì pàdánù Mọ̀núrù. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Òun kọ́ ló mú obì wá. Èmi ni mo fún un."

"Obì ta ni?"

Ojú rẹ̀ lọ sí àwo. "Obì yín ni, Bàbá. Inú àwo yẹn ni mo ti mú un. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tàn mí."

Àǹtí Ganiat káwọ́ lérí. Alhaji wo àwo, ó wo ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni.

"Àṣé lóòótọ́ ni pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Obì mi lo fi lọ tọrọ ọkọ?"

Alhaji fa àwo náà mọ́ra.

"Ṣé ó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́, Bàbá."

"Sọ fún un kó wá dá obì mi padà. Kó má nìkan wá o. Kó mú bàbá rẹ̀ dání."

Lẹ́yìn ààwẹ̀, àwọn ará Ìjẹ̀bú gbé obì wá, agbọ̀n kún dẹ́nu. Alhaji mú ọ̀kan, ó sọ ọ́ sínú àwo rẹ̀, ó ní tòun ti padà. Ó wá mú òmíràn, ó nà án sí ọkọ ìyàwó, ó sì la ẹnu tí kò fọ Gẹ̀ẹ́sì rí.

"I give Teacher a kola nut."

Khairiyyah bú sẹ́kún. Kò mọ̀ pé bàbá òun ń gbọ́ gbogbo ohun tóun ń kà nídìí fìlà, débi tó fi lè to gbólóhùn tirẹ̀. Mọ̀núrù dọ̀bálẹ̀, ó gba obì náà, ó là á sí méjì, ó na ìdajì sí ìyàwó rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí Ganiat fúnra rẹ̀ ló sọ pé kó gbà á jẹ.