Ìka Mẹ́ta Lára Àpáàdì

Nígbà tí Ma Deoksu ṣí ilé iná ìkòkò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò lè pa dé. Gbogbo ìṣà inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ọ̀dà ìkòkò, ìyẹn amọ̀ àti eérú tí wọ́n ń pò pọ̀ kí ìṣà lè máa dán, ti súnkì, ó sì ti ṣí kúrò lára wọn. Seonrye, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ti di opó, ló po ọ̀dà náà. Bàbá ní kó kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àfi bí ọlọ́pàá bá rí ẹlòmíì mú.

Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Tak dé, kò fọ̀rọ̀ falẹ̀, ó bi Seonrye pé: “Ìyá, amọ̀ wo lẹ lò?”

“Amọ̀ òkè wa ti tán látìgbà tí wọ́n ti la títì gba ibẹ̀, ọ̀gá. Mo wá òmíì rọ́pò rẹ̀ létí odò. Gbogbo àpò tó bá dé ni mò ń fi kun àpáàdì, tí mo máa kọ́kọ́ sun wò. Ẹ wo ti èyí.”

Àpáàdì náà ń dán gbinrin. Tak bu amọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú àpò. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Seonrye náà fọwọ́ kàn án, ó sì pariwo. “Èyí kọ́ ni mo dán wò! Amọ̀ tó bá lẹ̀ báyìí, tó bá ti ń gbẹ, ṣe ló máa ń súnkì.”

Ma Chilbong, àbúrò Deoksu, bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá ọlọ́pàá, ìkòkò ni mo mọ̀ ọ́n mọ, n ò fọwọ́ kan amọ̀ ọ̀dà rí. Ẹ gbé obìnrin yẹn lọ. Ìkà á ka oníkà!”

Tak rò ó wò. Ẹni tó pààrọ̀ amọ̀ yìí mọ̀ pé yóò ba iṣẹ́ jẹ́, a jẹ́ pé òun náà ti dán an wò. Ó tú òkìtì eérú ẹ̀yìnkùlé títí ó fi rí àpáàdì kan tí ọ̀dà ti ṣí kúrò níbì kan lára rẹ̀. Lára ọ̀dà tó ṣẹ́ kù, ìka mẹ́ta ti fa ewé koríko sí i, ewé náà sì tẹ̀ sósì.

Ó kó gbogbo wọn jọ, ó gbé ọ̀dà tútù kalẹ̀. “Kí kálukú kun àpáàdì kan fún mi.”

Seonrye fìka fa ìgbì omi sára tirẹ̀. Ewé ti bàbá tẹ̀ sọ́tùn-ún. Chilbong ri tirẹ̀ bọ ọ̀dà, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì fa ewé mẹ́ta kó tó mọ̀.

Tak gbé àpáàdì inú eérú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

“Amọ̀kòkò ìlú yìí kì í rí ọ̀dà tútù kó má fìka fà á,” ni Tak wí. “O fẹ́ dán amọ̀ burúkú wò níkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ìwọ nìkan lo ń lo ọwọ́ òsì níbí.”

“Ẹ̀gbọ́n!” Chilbong ké. “Látìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń mọ̀kòkò fún yín, obìnrin yìí lẹ wá fẹ́ fi ilé iná sílẹ̀ fún?”

Ojú ti bàbá gidigidi. Nígbà tí wọ́n mú àbúrò rẹ̀ lọ, ó gbé ẹrù Seonrye padà sínú ilé fúnra rẹ̀.

“Ìyàwó mi, má bínú. Tìẹ ni ilé iná. Ọ̀la la máa dáná.”

Seonrye nu ojú rẹ̀. “Rárá, Bàbá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dán amọ̀ wò.”