Dírílì Tí Kò Ní Bátìrì

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó má gbà mí gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, nílé wa ní Ìyànà Ìyẹsí, nígbà tí mo ṣì kéré.

Nígbà náà, ilé ìjọsìn ń dìde lọ́tùn-ún lósì lójú ọ̀nà Ìdírókò. Yunifásítì ti dé. Gbogbo káfíńtà ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Bàbá mi, Sirajudeen, gba iṣẹ́ àga gbọọrọ ti ìjọ kan. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ̀yìnkùlé wa ni mo máa ń rántí, àti àlọ́ tí bàbá mi máa ń pa fún mi bó bá ń fá igi.

Iná ọba kì í dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ sí ọjà Sàngó, lọ wo dírílì tí kì í lo wáyà. Tòkunbọ̀ ni.

"Bátìrì rẹ̀ dà?" bàbá mi bi Sàlàkọ́ tó ń tà á.

"Kò bá a wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń tà á. Ẹ máa rí bátìrì rà lọ́tọ̀."

A ò tíì ná an tó fi ní ká máa gbé e lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò rọ̀, ó dá. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Bàbá mi mú dírílì náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Ó yí.

Bàbá mi jù ú sílẹ̀. Ó wo ìdí rẹ̀. Ihò lásán ni. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún yí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń mí.

"Bísímílàhì."

Màmá mi, Ruqoyah, ní kó dá a padà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bọ̀."

Ó fi ṣiṣẹ́. Àga ń jáde wuuru. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń rù. Kò pa àlọ́ mọ́. Bó bá ti di dírílì náà mú, ètè rẹ̀ a funfun. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Ó tutù bí omi àmù.

"Bàbá Àpọ́nlé, ẹ gbé nǹkan yìí sílẹ̀," màmá mi wí.

"Ó ku díẹ̀."

"Kí ló ń jẹ tó fi ń ṣiṣẹ́?"

Bàbá mi tún tẹ̀ ẹ́.

Kí ọkàn màmá mi lè balẹ̀, bàbá mi lọ ra bátìrì. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó tẹ dírílì náà. Kò yí. Ó yọ bátìrì kúrò. Ó yí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi ṣubú sáàárín àga. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára dírílì. Ó ṣì ń yí. Màmá mi ló fi tipátipá já a gbà. Ó pe àwọn ará ilé lé bàbá mi lórí, ó sì mú èmi dání lọ sí Sàngó.

Nínú mọ́tò, ó gbé e sábẹ́ ìborùn rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Mo ń gbọ́ ọ tó ń kùn.

Nígbà tí Sàlàkọ́ rí wa, kò bèèrè nǹkan kan. Ó fi àkísà wé ọwọ́ kó tó gbà á.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà láàyè."

"Ẹ dúpẹ́, Ìyá."

Ara bàbá mi yá díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a fi ọwọ́ parí àga tó kù. Ó pẹ́ láyé dáadáa kó tó papò dà.

Màmá mi ò sọ ọ̀rọ̀ náà rí. Lọ́dún tó kọjá, bí mo ṣe ń di irun fún wọn, mo bi wọ́n bó ṣe rí lọ́wọ́ wọn nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Ó dà bí ìgbà tí mò ń fún ẹ lọ́mú," ni wọ́n wí. "Kò wù mí kí n gbé e sílẹ̀."