Bàálù Tí Ìyá Fọ̀

Eyín ọkùnrin náà pé, ó sì funfun. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ mú obìnrin aṣeyín náà fura. Ẹni tí eyín rẹ̀ pé kì í wá sí yàrá iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di páálí kékeré kan mú bí ẹni gbé ẹyin. Orí tábìlì ló ń wò, kò wo ojú ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, irin tín-ín-rín tí ẹ fi ń gbẹ́ eyín yẹn, tó bá ti kú, kí lẹ máa ń fi ṣe?”

“A máa ń sin ín ni.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì wọlé. Aago ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n aago kọ́ ló fẹ́ fi irin náà tún ṣe. Ó ṣí páálí. Bàálù ogun kan tí wọ́n fi ike ṣe ló wà nínú rẹ̀, kò gùn ju láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbúnwọ́ lọ. Ó ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó ti fi sáńpépà ha ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀, ó ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewéko àti ti eérú kùn ún. Irin tó ń wá, ó fẹ́ fi fa àwọn ìlà tín-ín-rín sí ara rẹ̀ níbi tí irin bàálù gidi ti máa ń pàdé ni.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí obìnrin yìí jẹ́. Aláìjókòó ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó. Tó bá dìde, á tún máa wá ibi tó máa jókòó sí. Ìdí eyín nìkan ni ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ó gba bàálù náà, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“Ó mọ́ jù,” ló wí.

“Ṣé àléébù tún nìyẹn?”

Ó mú eyín méjì lórí tábìlì. Ọ̀kan funfun bíi bébà, èkejì ti pọ́n díẹ̀, ó sì ní ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí. “Ìyá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ló ni èyí. Tí mo bá fún wọn ní funfun yẹn, gbogbo ayé á mọ̀ pé irọ́ ló wà lẹ́nu wọn. Àfi kí n fi ọjọ́ orí sí i. Bàálù yín yìí, ẹ má bínú o, kò tíì fò rí.”

Ọkùnrin náà gbé ojú kúrò lára bàálù. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú rẹ̀.

“Ẹ̀yin ni mo ti ń wá,” ló wí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán, ojú ti àwọn méjèèjì.

Bí Sátidé ṣe ń gorí Sátidé, tábìlì kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù aago náà di ti ẹni méjì. Ọkùnrin náà á lẹ apá mọ́ ara, á fi téèpù bo ibi tí kò fẹ́ kí ọ̀dà kàn, á kun ìyókù. Tó bá gbẹ, ó di ti obìnrin náà. Á ti fóòmù jíjá bọ ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà, á fi kan ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ bàálù ti máa ń tẹ apá, kó lè dà bíi pé ọ̀dà ti bó níbẹ̀. Á lọ òjé pẹ́ńsù kúnná, á fi ìka pa á sẹ́yìn ihò èéfín.

“Sùúrù, Dókítà Eyín. Ọdún mẹ́wàá la fẹ́ fi sí i lára, kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ní, Kápítéènì.”

Ó máa ń wí bẹ́ẹ̀, kò sì ní lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà ń fi ọwọ́ méjèèjì di apá bàálù tuntun mú kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ. Ó ní, “Mi ò lè gbé ọwọ́ kúrò báyìí, mi ò sì lè sáré tẹ̀lé ẹ. Torí náà, tó o bá fẹ́ sá, àkókò rèé. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ.”

Aláìjókòó wo ilẹ̀kùn. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Ó fa àga, ó jókòó, kò sì dìde títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

Ẹ̀rù náà ní ìdí, bàbá rẹ̀ sì ni. Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá fi tún bàálù ogun ṣe, tó fọ̀ ọ́, tó rọ epo sí i. Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò tíì jókòó pẹ́ níbì kan. Tí bàálù bá kọjá lókè, bó jẹ́ òkèlè ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e sílẹ̀, á jáde síta, á máa wòkè títí ìró rẹ̀ fi tán. Àwọn ará ilé ti gbà pé ibẹ̀ ni Aláìjókòó ti jogún ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Àgbàlagbà ń fi bàálù ogun ṣeré?” Ohun tí bàbá sọ nìyẹn nígbà tó gbọ́ nípa ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. “Ṣé ó mọ nǹkan tí wọ́n ń so mọ́ ọn lábẹ́ apá? Mi ò fa ọmọ mi lé ẹni tó ń ṣeré lọ́wọ́.”

“Kì í ṣeré, Bàbá. Ẹ bá mi wo iṣẹ́ ẹ̀ ná.”

Bàbá rìn dé fèrèsé, ó padà. Ó wọ yàrá, ó mú fọ́tò kan jáde. Òun alára ló wà níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, tó fi ẹ̀yìn ti bàálù kan tó ní nọ́ńbà nídìí.

“Kó ṣe èyí, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo rí i kẹ́yìn. Tí mo bá mọ̀ ọ́n, kó kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kó máa tún aago ẹ̀ ṣe lọ.”

Kò sí òfin tó ní kí ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n má fẹ́ ẹni tó wù ú. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, kò sì lè wọ ilé ọkọ kí ojú bàbá máa wo ibòmíràn. Ó sọ ọ́ fún ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀, ó sunkún sí i. Ọkùnrin náà gba fọ́tò, ó fi awò tó fi ń wo inú aago wò ó fún wákàtí kan gbáko.

“Oṣù mẹ́ta ni màá fi ṣe é, ìfẹ́ mi. Jẹ́ kí n wò ó dáadáa.”

Oṣù mẹ́ta náà pé. Wọ́n fi ìpàdé sí Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sán Jímọ̀, ọkùnrin náà gbé bàálù wá, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀ ilé bàbá, ó fi aṣọ bò ó. Bàbá ṣèlérí pé òun ò ní ṣí i títí àwọn àlejò á fi dé. Ọ̀dà aláìláwọ̀ tó máa ń mú kí ìdọ̀tí orí bàálù lẹ̀ títí láé, ọkùnrin náà ò tíì fi kùn ún.

“Tí Bàbá bá ní nǹkan kù,” ló wí, “mo fẹ́ kí ààyè ṣì wà.”

Gbogbo èèyàn ló gbọ́ ohun tí bàálù náà wà fún, àfi ìyá. Kì í ṣe pé wọ́n fi pa mọ́ fún un. Kò kàn sí ẹni tó rántí. Ìyá yìí ni ẹni tó lè fọ ọṣẹ kó tó fi ọṣẹ náà fọ aṣọ.

Ní Sátidé, Aláìjókòó jáde lọ yá àga lọ́dọ̀ aládùúgbò. Nígbà tó padà dé ní nǹkan bí aago méjì, ó gba kíṣìnnì wọlé. Bàálù náà wà lórí àgbékọ́ àwo, níbi tí àwo fífọ̀ ti ń gbẹ, láàárín ife méjì, omi ń kán láti imú rẹ̀. Ó ń dán gbinrin. Wáyà kékeré orí rẹ̀ ti ṣẹ́.

“O ti dé?” ni ìyá wí. “Mo ti bá yín fọ bàálù yẹn o. Ọmọ yẹn dáa, ṣùgbọ́n ọ̀bùn ni. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀. Ṣé kí àwọn àna wá bá ìdọ̀tí nílé mi ni?”

Aláìjókòó gbé àga tó yá sílẹ̀. Ó rìn dé pálọ̀, ó padà sí kíṣìnnì, ó tún rìn dé pálọ̀. Ó pe ọkùnrin náà lórí fóònù. Gbogbo ohun tó rí sọ ni, “Máa bọ̀. Màmá ti fọ̀ ọ́.”

Ọkùnrin náà ṣáájú àwọn èèyàn rẹ̀ dé, àpótí ọ̀dà rẹ̀ wà lábíyá, òógùn bò ó. Ìyá fi bàálù hàn án tẹ̀ríntẹ̀rín. Aláìjókòó dúró sápá kan, ó ń wo ojú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló ti bá omi lọ yẹn, ọ̀la àwọn méjèèjì sì lè bá a lọ. Ọkùnrin náà wo bàálù látòkè délẹ̀.

“Ẹ ṣé gan-an, Mà,” ló wí. “Ó mọ́. Ẹ mà ṣiṣẹ́.”

Kò sí ẹ̀sín nínú ohùn rẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wá wọ Aláìjókòó lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ló bá bú sẹ́kún.

Ìyá wò ó, ó wo ọkùnrin náà, ó wo bàálù. “Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?” Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ ni ìdọ̀tí yẹn, ó fi ìdí lé àga. “Yéè! Mo ti ba ti ọmọ mi jẹ́.”

“Omi ló dànù, Mà, agbè ò fọ́.” Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ẹ má sunkún.”

“Ta ló ń sunkún nílé mi?”

Bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Kò sí aṣọ tó lè bo bàálù náà mọ́. Ó rìn lọ síbi àgbékọ́ àwo, ó gbé e, ó sún un mọ́ ojú. 

“Ta ló fọ̀ ọ́?”

“Èmi ni,” ni ìyá dáhùn. “Ẹ̀bi tèmi ni, ẹ má mú ọmọ ọlọ́mọ.”

“Ọdún mélòó ni mo fi fọ nǹkan yìí! Kò mọ́ báyìí rí.” Bàbá yíjú sí ọkùnrin náà. “Kó tó fọ̀ ọ́, ibo lo fi àmì epo sí?”

“Abẹ́ apá ọ̀tún, sà. Ẹ gbé agolo kan sílẹ̀ níbẹ̀ nínú fọ́tò, láti fi gba epo tó ń kán. Kò sí agolo lápá òsì.”

Bàbá pajú dé. “Máa wí.”

“Ọ̀dà ti bó lápá òsì, níbi tí awakọ̀ ti ń gùn ún. Èéfín ẹ́ńjìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí nọ́ńbà. Ilẹ̀kùn kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Ó jọ pé ara bàálù mìíràn lẹ ti yọ ọ́.”

“A fẹ́ kùn ún lọ́jọ́ kejì ni,” bàbá wí jẹ́jẹ́. “A ò rí i kùn.” Ó la ojú. “Ó ku ẹyọ kan. Kò lè hàn nínú fọ́tò, ẹ̀yìn mi ló bò ó.”

Ó ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan dúdú. Ìyá sáré lọ wo ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ìkòkò ìyá yìí, ṣé ó lè dúdú? Ọkùnrin náà ló mú pẹ́ńsù nínú àpótí rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha òjé rẹ̀ sórí àwo. Bàbá ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bàálù, lábẹ́ fèrèsé awakọ̀.

“Tí ọmọ tó ń wà á bá ti fẹ́ gbéra, mo máa ń fi ọwọ́ lu bàálù níbí. Màá ní, ‘Lọ, kó o bọ̀.’ Lọ́jọ́ tí mo rí i kẹ́yìn, mo wí bẹ́ẹ̀. Mo dúró lórí pápá títí mi ò fi rí ọwọ́ ara mi mọ́. Kò bọ̀.”

Aláìjókòó wo bàbá rẹ̀. Láti kékeré ló ti rò pé bàbá fẹ́ràn bàálù ló ṣe ń jáde wò wọ́n. Àṣé wíwá ló ń wá ọ̀kan. Àánú rẹ̀ ṣe é gidigidi.

Bàbá gbé bàálù náà lé ọkùnrin atúnaagoṣe lọ́wọ́. “Mo mọ̀ ọ́n,” ló wí.

Ìyá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó fa àga mọ́ tábìlì.

“Èmi ńkọ́? Ibo ni kí n ti dọ̀tí?”

Aago mẹ́rin bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí wọ́n ti yí tábìlì kíṣìnnì ká, bàbá ń pàṣẹ, ìyá ń fi ìka pa èéfín, ahọ́n rẹ̀ yọ síta bí ọmọ iléèwé. Àǹtí ọkùnrin náà, tó kó àwọn àlejò wá, kanlẹ̀kùn títí, ó yọjú.

“Ẹ̀yin àna wa, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Ọmọ yín ń kọ́ mi níṣẹ́ ni,” ìyá wí. “Ẹ wọlé, ẹ wọlé.”

Wọ́n jókòó ní pálọ̀. Àǹtí sọ ohun tí wọ́n bá wá. Bàbá ya ẹnu láti dáhùn, ni ìró bàálù kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í rin òkè ilé bọ̀. Bàbá dìde láìtọrọ gáfárà. Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Ọkùnrin atúnaagoṣe náà dìde, ó tẹ̀ lé e síta, àwọn méjèèjì sì gbé ojú sókè, èjìká kan èjìká.

Aláìjókòó ti ń gbéra láti bá wọn lọ. Ìyá fà á ní aṣọ.

“Jókòó. Wọ́n á wọlé.”

Ó jókòó. Àmì ìka márùn-ún dúdú ti wà lápá aṣọ tuntun rẹ̀. Ìyá rí i, gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ rí i. Ìyá ò dárúkọ ọṣẹ.