Ìgò Mẹ́jọ Tí Kò Rí Yìnyín

Ìjà ni ìfẹ́ àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kó wọn lọ sétí òkun láti bu omi tí wọn yóò yẹ̀ wò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àbígbẹ̀yìn, ọmọbìnrin kan nínú wọn, bu tirẹ̀, ó gbé ìgò kalẹ̀ sínú oòrùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú kíláàsì wọn gbé e, ó tì í bọnú yìnyín.

"Àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí wà nínú omi yìí. Tó bá gbóná, wọ́n á máa pọ̀ sí i, iye tí o bá kọ á sì di irọ́."

"A dúpẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Yìnyín."

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Kí ọdún tó yí po, ó ti di "olólùfẹ́ mi."

Bàbá Àbígbẹ̀yìn ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra. "Ẹ̀kọ́ nípa ìdọ̀tí inú òkun. Ṣé ẹja ló máa gbà yín síṣẹ́?"

"Bàbá mi, wọ́n ń wá wa ní èbúté, ní iléeṣẹ́ ìjọba, àti nínú ọkọ̀ ìwádìí."

"Kí ẹnì kan nínú yín kọ́kọ́ ríṣẹ́ ná, ká tó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Ọkọ̀ ìwádìí kan ní àyè iṣẹ́ ẹyọ kan, ọdún mẹ́ta gbáko lórí omi. Ẹni tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ bá dára jù ni olùkọ́ máa yàn. Àwọn méjèèjì jọ ṣe tiwọn ni, ìtọ́jú ìgò sì jẹ́ ti Àbígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n lọ bu omi rẹ̀, ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ tí yóò sọ àwọn ọmọ wọn. Ìfẹ́ mú àwọn méjèèjì gọ̀. Ìgò mẹ́jọ wà nínú oòrùn títí.

Nígbà tí olùkọ́ bèèrè ẹni tó gbàgbé wọn síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Yìnyín ló yára dáhùn. "Èmi ni mo gbàgbé, ọ̀gá."

Iṣẹ́ wọn ṣì ló dára jù, ẹni tí kò jẹ̀bi ìgò ni olùkọ́ sì yàn: bí wọ́n ṣe fún Àbígbẹ̀yìn láyè nìyẹn. Bàbá ń yangàn káàkiri àdúgbò. Ọmọ ò yọ̀, kò sì sunkún. Inú rẹ̀ kú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí oníṣègùn eyín gún lábẹ́rẹ́.

Ọjọ́ kẹta, ó lọ bá olùkọ́. "Ọ̀gá, irọ́ ló pa nítorí mi. Èmi ni mo gbàgbé."

Olùkọ́ fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀, ó kọ ti ọkùnrin náà.

Ọ̀gbẹ́ni Yìnyín wá bá a nílé. "Ayọ̀ mi, kí ló dé? Mo ti yọ̀ǹda àyè yẹn fún ọ."

"Kò yẹ kí o ru ẹ̀bi tèmi."

"Sọ pé kí n má lọ, mi ò ní lọ."

Àbígbẹ̀yìn ṣílẹ̀kùn fún un. "Máa lọ. Má sì dúró dè mí, ọdún mẹ́ta pọ̀."

Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbéra, Bàbá tẹ̀lé Àbígbẹ̀yìn dé èbúté. Wọ́n dúró títí ọkọ̀ fi kúrò lójú.

"Ọmọ mi, ó dùn ọ́ gan-an, àbí?"

"Rárá, Bàbá mi. Kò dùn mí rárá. Pé kò dùn mí yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."