Orúkọ Tó Jáde Nínú Yàrá Títì

Wọ́n bá òkú nọ́ọ̀sì kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Òjò ti pa ọkọ̀ náà mọ́jú. Òun ló ń tú àṣírí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta oògùn ayédèrú fún àwọn ọmọdé, akọ̀ròyìn kan ṣoṣo ló sì mọ orúkọ rẹ̀.

“Níbo lẹ kọ orúkọ náà sí, mà?” ni ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Farabalẹ̀ bi akọ̀ròyìn náà.

Obìnrin náà nawọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. “Inú èyí nìkan ni. Yàrá yàrá ni wọ́n pín in sí. Yàrá tí mo fi ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì kò mọ ohun tó wà nínú yàrá tí mò ń kó àṣírí sí. Àbúrò mi ló ń bá wa tọ́jú ẹ̀.”

Onímọ̀ kọ̀ǹpútà àwọn ọlọ́pàá tú u wò. Ilẹ̀kùn kan wà ní ṣíṣí láàárín yàrá méjèèjì, ó sì ti tó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibẹ̀ ni orúkọ gbà jáde.

Wọ́n pe olóòtú ìwé ìròyìn obìnrin náà, tó máa ń lo kọ̀ǹpútà náà nígbà míì. “Èmi kẹ̀? Èmi tó jẹ́ pé kí n kàn tan kọ̀ǹpútà kí n sì pa á ni mo mọ̀!”

Wọ́n pe àbúrò akọ̀ròyìn náà, ọ̀dọ́kùnrin kan. Ojú rẹ̀ ti wọnú. “Mi ò kì í fọwọ́ tò ó, sà. Mo kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà náà: yàrá tó yẹ kó wà, ilẹ̀kùn tó yẹ kó wà ní títì. Àràárọ̀ ló ń ka ìlànà yẹn, á sì tún ara rẹ̀ ṣe.”

“Ta ló wá ṣílẹ̀kùn?”

“Bóyá ẹ̀gbọ́n mi ṣèèṣì ṣí i ni. Wọ́n máa ń kánjú.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí pé òun kò ṣí i.

Farabalẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó wá ní kí onímọ̀ fọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn mìíràn nínú kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pe gbogbo wọn padà.

“Ilẹ̀kùn tá a fọwọ́ ṣí lánàá ti padà tì fúnra rẹ̀,” ló wí. “Tọ̀hún kò tì láti ọjọ́ yìí. A jẹ́ pé inú ìlànà gan-an ni wọ́n ti ní kó wà ní ṣíṣí. Ta ló ń kọ ìlànà?”

Ọ̀dọ́kùnrin náà jókòó wọ̀ọ̀. “Èmi nìkan ni, sà.”

“Ìwọ?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

“Àwọn kan fi fọ́tò yín hàn mí, níbi tẹ́ ẹ ti ń já ọmọ yín sílẹ̀ níléèwé. Wọ́n ní kí n mú orúkọ wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n máa múra ìsìnkú yín. Wọ́n ní àwọn kàn máa ní kí wọ́n lé nọ́ọ̀sì náà kúrò níṣẹ́ ni.”

“O sì gbà wọ́n gbọ́?” ni Farabalẹ̀ bi í.

“Mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́, sà.” Ó dárúkọ àwọn tó rán an níṣẹ́, ó sì na ọwọ́ méjèèjì fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?” ni akọ̀ròyìn náà bi í.

“Ẹ̀ bá ní kí n má fún wọn.”

Obìnrin náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń mú àbúrò rẹ̀ kọjá, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe fún un, ó kọjú sí ògiri, ó sì bú sẹ́kún.