Àtẹ́lẹwọ́ Nínú Táǹkì

"Jáde kúrò nínú táǹkì yẹn. Ṣé o ti sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀dì ni?"

"Mi ò jáde."

Ọmọbìnrin náà jókòó sí ìsàlẹ̀ táǹkì irin, ó káwọ́ lérí orúnkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dúró lókè pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà lọ́wọ́. Níta, dẹ́rẹ́bà tó wá gbé táǹkì ń fọn fèrè.

Iṣẹ́ ìyá wọn ni kí wọ́n máa fi ike bo inú táǹkì kí ásíìdì má baà jẹ irin. Ike náà, tí wọ́n ti po lẹ́búlẹ́bú èédú mọ́, tí wọ́n sì ń fọ́n bí ọ̀dà, bá ti inú páànù ìdíná tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́ tan. Ohun tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́, òun náà kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ nǹkan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi yanrìn ha irin títí yóò fi rí gbágungbàgun, tí ẹnikẹ́ni kì í sì fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́, torí ọ̀rá ara kì í jẹ́ kí ike lẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru mú, ẹ̀gbọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tó ń làágùn ti irin nígbà tó ń gùn jáde.

"Ojú ọwọ́ ẹyọ kan péré," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ọ̀dà á bò ó. Ta ló máa rí i?"

"Ásíìdì máa rí i. Àbí ẹ ti gbàgbé ẹni tó ń dúró ti táǹkì yìí ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé e lọ? Bàbá wa ni."

"Agídí ẹ ti pọ̀ jù. Màá kùn ún báyìí."

"Ẹ kùn ún mọ́ mi lára. Bàtà mi tó kún fún gírísì náà wà níbí, ọ̀dà ò ní lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀rù ń bà á, àmọ́ kò mira.

Ìyá wọn gbọ́ ariwo, ó wọlé. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó bu omi, ó dà á sára irin. Omi tẹ́ pẹrẹsẹ káàkiri, àfi ibì kan tí kò ti dúró: ìka márùn-ún yọ gedegbe. Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ gbé yanrìn wá," ni ìyá wí. Ó yọjú sí dẹ́rẹ́bà níta: "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ padà wá lọ́la."

Dẹ́rẹ́bà bínú lọ. Ìyá ní kí ọmọ náà nu gírísì tó fi bàtà kó wọ táǹkì, ó sì nù ún títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n wọ ìbọ̀wọ́, ó sọ̀kalẹ̀ wá bá a.

"O ṣì lágídí," ó ní.

"Mo mọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀wọ̀ fún àgbà dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀wọ̀ ni ká bá àgbà bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, nígbà tí ara ẹlòmíràn ló máa jìyà rẹ̀.