Akọ Màlúù Tí Wọ́n Ń Wọ̀n Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

"Ẹ gbé orúnkún yín kúrò lábẹ́ màlúù, àbí kí n wọn ẹ̀yin náà mọ́ ọn!"

Ọmọge tó pariwo yìí wọ bàtà rọ́bà, ó ki bírò bọ irun, ó sì dojú kọ alápatà fìrìgbọ̀n kan tó ń dọ́gbọ́n fi orúnkún gbé màlúù fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n kó lè rà á lọ́pọ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n ni gbogbo ilé ìpẹran ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ. Ibẹ̀ ni ọkàn ọlọ́sìn tó ni màlúù náà ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Kò ta ẹran ọ̀hún. Ó ní ọjà ò tíì dára. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún fà á wá, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó fà á padà. Owó akọ màlúù yìí ló fẹ́ fi kan òrùlé, bàbá ọmọge, alápatà tó ti fẹ̀yìn tì, sì ti búra pé aláìlórùlé kò ní fẹ́ ọmọ òun. Alápatà mìíràn, ọlọ́kọ̀ mẹ́ta, sì ti ń yọjú sí ọmọge náà.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ọmọge tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n.

"Ó ti fi kílò mọ́kàndínlógún rù."

"Ṣé òṣùwọ̀n yín ò purọ́?"

"Òṣùwọ̀n tèmi? Ìrìn wákàtí mẹ́rin wá, mẹ́rin padà, ló ń jẹ ẹ́ lára. Ta lẹ tiẹ̀ ń mú un wá rí gan-an?"

Ojú tì í. "Ìwọ ni."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ ọmọge. "Ẹ fi í sílé kó jẹun. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bọ̀. Àmọ́ ẹ yára o, Ọlọ́kọ̀ Mẹ́ta ń bọ̀ wá rí Bàbá lọ́jọ́ Àìkú."

Láàárọ̀ Sátidé, ọlọ́sìn dé ilé Bàbá, tó fara ti ilé ìpẹran, láti wá tọrọ ọmọge. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ẹran dà?"

"Ó wà nílé, sà. Ó ń sanra."

"Òrùlé ńkọ́?"

"Tí mo bá ta ẹran náà lónìí, sà, ìdajì ilé lowó rẹ̀ máa bò."

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọwọ́ àwọn tí ìkánjú mú ni mo ti ń ra ẹran láyé mi," ló sọ. "Ìkánjú wọn lèrè mi. Mi ò ní fi ṣe ọ́. Jẹ́ kí ẹran rẹ tó tà. Ọmọ mi á dúró dè ọ́, màá sì sọ fún Ọlọ́kọ̀ Mẹ́ta."

Ọmọge fà á jáde lọ sídìí òṣùwọ̀n. "Gùn ún, olólùfẹ́ mi, kí n wo ohun tí àníyàn ti jẹ lára rẹ."

Ó gùn ún. Ọmọge náà gorí ẹ̀ tọ̀ ọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì sẹ́ni tó wo òṣùwọ̀n nínú àwọn méjèèjì.

"Kílò méjìlélọ́gọ́fà," ni Bàbá kà látẹ̀yìn wọn. "Ẹ ò tíì tó tà. Ẹ wọlé wá jẹun."